Olú Kì í Ṣe Ẹran, Ẹ Jẹ́ Ká Jẹ Ẹ́ Bí Olú

Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ní sáà tó kọjá, kíláàsì wa ta oúnjẹ láti fi kó owó jọ. Àwọn kan din àkàrà, àwọn kan ta zobo. Àwa mẹ́ta kan ní àwa yóò ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí ní Ẹ̀ka wa: olú tí a fi igi súyà gún, tí a sì sun lórí èédú bí àwọn ará Jàpáànù ṣe ń sun tiwọn. Ọ̀kan nínú wa lọ ra olú lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tó ń gbìn ín. Èkejì ló da iná. Èmi tí wọ́n mọ̀ sí akọ̀wé, wọ́n ní kí n kọ pátákó. Mo sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé: “SÚYÀ OLÚ BÍI TI JÀPÁÀNÙ! Pùròtéènì inú rẹ̀ ju ti ẹran lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹran.” Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọjà wa ti tán. Inú wa dùn, a pín owó ọkọ̀, a fi ìyókù lé akápò lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, àbúrò wa kan tó wà ní ọdún kejì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ tí mo ti ka pátákó yín, mi ò ra ẹyin mọ́, mi ò ra ẹja mọ́. Olú ni mo ń jẹ. Àmọ́ ó kàn ń rẹ̀ mí ṣáá ni, ebi kì í sì í kúrò lára mi.”

Mo bi í pé báwo ló ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ní igi méjì lálẹ́, òun á sì fi ti gààrí tàbí ìrẹsì funfun. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní sọ pé ohun báyìí-báyìí ló ń ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí i pé ó ju ẹran lọ?” mi ò rí èsì kankan fọ̀. Orí fóònù ni mo ti rí i. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kàn sọ ọ́ di Yorùbá tó dùn ún kà ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí, ohun tí mo sì rí ni mo wá sọ. Olú sísun bíi ti Jàpáànù jẹ́ oúnjẹ gidi, ó ṣe ara lóore, ó sì yẹ ká máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́pò ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà. Bí a bá pè é ní ohun tí kò jẹ́, ẹni tó gbà wá gbọ́ ni ìyà rẹ̀ máa jẹ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tó ti wá

Ní Jàpáànù, kushi ni wọ́n ń pe igi tín-ín-rín tí wọ́n fi ń gún nǹkan, yaki sì ni ohun tí a sun tàbí tí a yan. Nítorí náà, kushiyaki ni orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n bá fi igi gún tí wọ́n sì sun. Èyí tí ayé mọ̀ jù lọ nínú wọn ni yakitori. Tori ni ẹyẹ, adìyẹ ni wọ́n sì máa ń fi ṣe é. Bí ènìyàn bá wọ ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta yakitori, yóò bá oríṣiríṣi igi níbẹ̀: itan adìyẹ, ẹ̀dọ̀ adìyẹ, awọ adìyẹ, àlùbọ́sà gígùn tí wọ́n ń pè ní negi, ata tútù kékeré tí wọ́n ń pè ní shishito, àti olú. Olú tí wọ́n sábà máa ń sun ni shiitake, èyí tí orí rẹ̀ dúdú díẹ̀ tó sì nípọn. Wọ́n tún ń sun eringi, tó jẹ́ ìbátan olú funfun tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn lọ́dọ̀ wa níhìn-ín.

Kò sí idán kankan nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gé ìdí olú náà kúrò, nítorí pé ó yi. Wọ́n á fi igi gún orí méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Wọ́n á gbé e sórí èédú, wọ́n á sì kọjú abẹ́ rẹ̀ sókè, kí omi tó ń sun jáde lára rẹ̀ lè dúró sínú rẹ̀ bí ìgbà tí omi bá dúró sínú ìgbá. Omi yẹn ni adùn wà. Ẹni tó bá da olú rẹ̀ délẹ̀ tí omi náà fi kán sínú iná ti fi adùn rẹ̀ bọ́ èédú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú máa ń lo èédú kan tí wọ́n ń pè ní binchōtan, tí wọ́n fi irú igi óòkù kan ṣe. Agbègbè Wakayama lókìkí gan-an nídìí èédú yìí. Kì í rú èéfín púpọ̀, ooru rẹ̀ sì máa ń pẹ́.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná, olùtajà á bi oníbàárà pé, shio ni àbí tare? Shio ni iyọ̀ lásán. Tare ni ọbẹ̀ tí wọ́n fi shoyu, ṣúgà àti ọtí ìrẹsì dídùn tí wọ́n ń pè ní mirin sè pọ̀ títí tó fi ki. Shoyu yìí ni omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà àti àlìkámà ṣe, tí a máa ń rí nínú ìgò ní àwọn ilé ìtajà wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni wá. Shii ni orúkọ igi kan, take sì ni olú. Shiitake, olú igi shii. Matsu ni igi páìnì. Matsutake, olú igi páìnì. Kinoko ni wọ́n sì ń pe gbogbo ìran olú lápapọ̀. Bí a bá tú u palẹ̀, ọmọ igi ni. Àwọn àgbà wa ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tó pe olú ní ọmọ ẹran. Ní ilé yakitori, olú ní ìlà tirẹ̀ lára àkójọ oúnjẹ, adìyẹ ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ olú á pe olú. Èmi ni mo gbé e kúrò nípò rẹ̀, tí mo fi bá ẹran du oyè.

Ahọ́n ló tàn wá jẹ

Ẹ lè bi mí pé, bí kì í bá ṣe ẹran, kí ló dé tó fi ń ta sí wa lẹ́nu bí ẹran? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì dùn mọ́ mi ju ohunkóhun tí mo rí nínú ìwádìí yìí lọ.

Ní ọdún 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ìjọba ní Tokyo, Ikeda Kikunae, ń wá ohun tó ń mú omi kombu dùn. Kombu jẹ́ ewé inú òkun tí wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀. Ó rí i pé glutamate ni. Ó sì pe adùn náà ní umami, adùn tó yàtọ̀ sí ti ṣúgà, iyọ̀, ohun kíkan àti ohun kíkorò. Láti inú ìwádìí yìí ni Ajinomoto ti jáde, ìyẹn èròjà funfun tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa. Ní 1913, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Kodama Shintaro, rí umami mìíràn nínú ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní katsuobushi. Ní 1957, Kuninaka Akira ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kẹta, guanylate, èyí tó pọ̀ nínú shiitake gbígbẹ. Òun náà ló fi hàn pé bí irú èyí bá pàdé glutamate lẹ́nu, adùn wọn kì í kàn ṣe àròpọ̀, ńṣe ló ń di ìlọ́po.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí igi olú kan. Olú ní glutamate tirẹ̀. Shoyu tí a fi pa á lára ní glutamate púpọ̀. Iná gbẹ omi ara rẹ̀ díẹ̀, adùn rẹ̀ sì ki sí i. Ẹran náà ní umami, nítorí náà ahọ́n tó ti mọ ẹran tẹ́lẹ̀ á ní, “Ẹran nìyí.” Kò purọ́, adùn tó mọ̀ ló sọ. Àmọ́ adùn ẹran yàtọ̀ sí ohun tí ẹran ń ṣe nínú ara. Ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ilé kejì kò tíì jẹun.

Ẹ jẹ́ ká kà á

Nínú 100 gíráàmù shiitake tútù, omi tó nǹkan bí 90. Pùròtéènì tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 2.2. Olú funfun tí àwa lò ní nǹkan bíi 3.3. Nínú 100 gíráàmù àyà adìyẹ tútù tí a ti bó awọ rẹ̀, pùròtéènì ju gíráàmù 20 lọ. Ẹyin adìyẹ kan ṣoṣo ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Ẹ̀wà wa tí a ti sè, 100 gíráàmù rẹ̀ ní nǹkan bíi 8.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí igi. Bí orí shiitake mẹ́ta bá wà lórí igi kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọn 20 gíráàmù, igi kan jẹ́ 60 gíráàmù, pùròtéènì rẹ̀ kò ju gíráàmù kan lé díẹ̀ lọ. Kí a tó rí ohun tó wà nínú ẹyin kan, a óò jẹ tó igi márùn-ún. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò nǹkan bíi gíráàmù 50 pùròtéènì lójúmọ́. Bó bá ní shiitake nìkan ni òun yóò fi wá a, yóò jẹ ju kílò méjì lọ lóòjọ́, ìyẹn ju igi 35 lọ. Àbúrò wa tó ń jẹ igi méjì olú funfun lálẹ́ ń rí nǹkan bíi gíráàmù 4 níbẹ̀. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó yẹ kó jẹ. Èyí ni mo pè ní “ju ti ẹran lọ.”

Níbo wá ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀? Mo wá a títí mo fi rí i. Àwọn kan máa ń ka pùròtéènì olú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo omi inú rẹ̀. Bí omi bá ti lọ, ohun tó kù á dà bíi pé ó pọ̀, nǹkan bíi 22 nínú 100. Wọ́n á wá fi iye yìí wé ẹran tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bá fi ife gààrí gbígbẹ wé ife ẹ̀bà, tí a wá kéde pé gààrí ìlú kan ń yó ni ju ti ìlú kejì lọ. Bí a bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, kí a gbẹ àwọn méjèèjì. Àyà adìyẹ tí a bá gbẹ báyìí, nǹkan bíi 90 nínú 100 ló máa jẹ́ pùròtéènì. Bí a bá fi tútù wé tútù, ẹran ló pọ̀ jù. Bí a bá fi gbígbẹ wé gbígbẹ, ẹran náà ni.

Ohun rere tó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́

Mi ò wá ba olú lórúkọ jẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé irọ́ tí mo pa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ òtítọ́ tó dára nípa rẹ̀.

Kálórì 34 péré ló wà nínú 100 gíráàmù shiitake, ọ̀rá rẹ̀ kò sì tó gíráàmù kan. Ó ní fáíbà, èyí tí ń jẹ́ kí ìgbẹ́ yà dáadáa, tó sì máa ń ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ àwa tí a ń fi búrẹ́dì àti núdùlù gbé sáà. Ó ní fítámì B2, B3 àti B5. Ó ní pòtásíọ̀mù, bàbà àti sẹlẹ́níọ̀mù. Sísun tí wọ́n sì ń sun ún jẹ́ ọgbọ́n, nítorí pé àwọn fítámì B máa ń yọ́ sínú omi. Ẹni tó bá bọ olú tó sì da omi rẹ̀ nù ti da apá kan wọn nù.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti oòrùn. Nínú olú ni èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní ergosterol. Bí ìtànṣán oòrùn bá kàn án, yóò di fítámì D2. Olú tí wọ́n gbìn sínú ilé tí ìmọ́lẹ̀ kò wọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní fítámì D, ṣùgbọ́n bí a bá sá a sóòrùn, tí a kọjú abẹ́ rẹ̀ sókè, tirẹ̀ á pọ̀ sí i gan-an. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Jàpáànù ti ń sá shiitake gbẹ, agbègbè Ōita ló sì gba iwájú nínú shiitake gbígbẹ. Oòrùn tí a ń ráhùn sí níhìn-ín lójoojúmọ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ká tó gbé olú wa lé iná.

Ibi tí ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ falẹ̀ ni ọbẹ̀ tí a fi ń pa á lára. Ṣíbí ńlá kan shoyu ní iyọ̀ tó ju gíráàmù méjì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́. Ẹni tó bá rẹ olú rẹ̀ sínú tare bí ẹni rẹ aṣọ sínú aró ti sọ oúnjẹ rere di nǹkan mìíràn. Olú ní adùn tirẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ tàbí tare tí a fi búrọ́ọ̀ṣì pa á lára lẹ́ẹ̀kan tó fún un.

Kì í ṣe oògùn, kì í sì ṣe ohun à-já-lójú-ọ̀nà

Lẹ́yìn pátákó wa, àwọn kan tún ń sọ kiri pé shiitake ń wo àrùn jẹjẹrẹ. Òtítọ́ kékeré kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì jẹ́ kí ó léwu. Ní 1969, Chihara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù kéde èròjà kan tí wọ́n yọ láti inú shiitake, tí wọ́n pè ní lentinan. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba Jàpáànù fọwọ́ sí i pé kí àwọn dókítà máa lò ó mọ́ oògùn mìíràn fún jẹjẹrẹ inú ikùn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gún un sí, nílé ìwòsàn, mọ́ ìtọ́jú mìíràn. Kò sí dókítà tó fi igi olú méjì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún aláìsàn pé kí ó lọ jẹ olú sísun dípò kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ti ṣe ohun tó burú ju èyí tí èmi ṣe lọ.

Lentinan yìí kan náà ni wọ́n gbà pé ó ń fa wàhálà mìíràn. Láti 1977 ni àwọn dókítà Jàpáànù ti kọ̀wé nípa àwọn tó jẹ shiitake tútù tàbí èyí tí kò jinná, tí ara wọn wá lé yọ̀ọ̀, bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán nà. Ẹ jẹ́ kí ó jinná dénú.

Ẹ má sì já olú tí ẹ kò mọ̀. Olú kan wà ní Jàpáànù tí wọ́n ń pè ní tsukiyotake, olú alẹ́ òṣùpá, nítorí pé ó máa ń tàn díẹ̀ lókùnkùn. Ó jọ shiitake lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó wà lára àwọn tó ń fa májèlé jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ olú láti ayébáyé. Bí ó bá ṣì ń ta wọ́n lójú, àwa tí a kàn rí i lẹ́yìn ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn òjò ńkọ́? Ẹ ra a lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìn ín.

Èsì fún àwọn tó ń bá mi jiyàn

Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì tí a jọ ta ọjà náà ti bá mi fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ní, “Ẹran ti wọ́n. O fẹ́ gba ohun tó kù lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni?” Rárá o. Owó ẹran ò sí lápò èmi náà. Nítorí àìsí owó yìí gan-an ni mo ṣe ń pariwo. Ẹni tó bá ní owó, bó jẹ olú lónìí, yóò jẹ ẹja lọ́la, irọ́ mi kò ní pa á lára. Ẹni tó ní ìwọ̀nba owó, tó sì gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan, òun ni pátákó mi ṣì lọ́nà.

Àpẹẹrẹ tó yẹ ká tẹ̀ lé wà ní Jàpáànù fúnra rẹ̀. Àwọn mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà níbẹ̀ ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní shōjin ryōri, tí kò ní ẹran tàbí ẹja nínú. Bí ẹnikẹ́ni bá nílò ohun tí yóò rọ́pò ẹran, àwọn ni. Ṣùgbọ́n wọn kò yan olú fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń gbára lé: wọ́n ń sọ ọ́ di tofu, wọ́n ń jẹ ẹ́ mọ́ ìrẹsì. Olú gbígbẹ àti kombu ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ kí oúnjẹ náà lè dùn. Iṣẹ́ ẹ̀wà ni ẹ̀wà ń ṣe, iṣẹ́ olú ni olú ń ṣe.

Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Igi olú méjì pẹ̀lú àwo ẹ̀wà, tàbí pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, oúnjẹ tó pé nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì ní pa ènìyàn. Bí ẹyin kan tàbí ẹja díẹ̀ bá wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, ó tún dára sí i, nítorí fítámì B12 tó wà nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú olú, kò sì sí nínú ẹ̀wà.

Ọ̀rẹ́ mi kejì ní, “Ìpolówó ọjà lásán ni. Ta ni kì í bù mọ́ ọn?” Èyí ló dùn mí jù, nítorí pé èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Nípa oúnjẹ àti ìlera, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ohun tí a kọ ní Yorùbá tí ènìyàn lè rí kà. Ẹni tó bá rí irọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè rí ọgọ́rùn-ún ibi mìíràn tí yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá rí i ní Yorùbá, níbo ni yóò lọ? Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ tó bá jáde ní èdè abínibí ẹni máa ń wọlé ju ti àjèjì lọ. Àbúrò wa kò bá pátákó náà jiyàn, nítorí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ilé. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni gbogbo ohun tí Ẹ̀ka wa ní. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà nílé iṣẹ́ rédíò, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìpolówó ọjà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwa lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé fún yín pé oúnjẹ kan “ju ẹran lọ” tàbí pé ó “ń wo gbogbo àrùn,” ẹ béèrè kí ẹ tó túmọ̀. Mélòó ni? Nínú gíráàmù mélòó? Tútù ni àbí gbígbẹ? Ìbéèrè mẹ́ta yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ká ní mo bi ara mi ni, mi ò bá tí kọ ohun tí mo kọ.

Ní àwọn ọdún 1940, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Mori Kisaku wá ọ̀nà láti fi ègé igi kéékèèké tí a ti fi irúgbìn shiitake sí gún ara ìtì igi. Ṣáájú rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ máa ń gé ìtì igi sílẹ̀, wọ́n á sì máa retí pé bóyá afẹ́fẹ́ yóò gbé irúgbìn olú bà lé e. Ọdún mìíràn á hù, ọdún mìíràn kò ní hù. Ìmọ̀ ló sọ shiitake di ohun tí gbogbo ènìyàn lè rà lórí igi lálẹ́. Ó yẹ kí àwa tí a pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ náà yé kọ ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá.

Mo ti wá àbúrò wa lọ, mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti padà sí ẹ̀wà àti ẹyin, pé òun ṣì ń jẹ olú lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì nítorí pé ó dùn. Ìdí tó dára jù lọ láti jẹ olú nìyẹn. Bí kíláàsì wa bá tún ta oúnjẹ ní sáà tó ń bọ̀, èmi ni n óò tún kọ pátákó. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: “Olú sísun bíi ti Jàpáànù. Ó dùn, ọ̀rá rẹ̀ kéré, fáíbà wà nínú rẹ̀, a sì ti sá a sóòrùn. Kì í ṣe ẹran. Ẹ fi ẹ̀wà tì í.” Ẹ̀wà náà yóò sì wà níbẹ̀, nínú ìkòkò ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ẹ wá rà o.